Ata Ni Kó Jóná

Ẹ̀gbọ́n mi Rumen,

Gbogbo ilé ń kí yín, àti ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn Bàbá ti ń sàn. Ìyá àgbà tún ti ń sun ata tí wọ́n ń rọ sí ìgò de ìgbà òtútù ní bákónì. Ẹ̀rọ ìsunata wọn jó fíúsì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bá fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Lánàá, okùn iná tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí bákónì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Mo pariwo, Ìyá àgbà ní:

"Kalin, òórùn ata ni. Àbí wọ́n ń kọ́ yín ní ata sísun ní poli?"

Mo ti fi fíúsì gidi sí i, mo sì ti ju okùn náà nù. Kíṣìnì ni wọ́n ti ń sun ún báyìí, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kí wọ́n má ra okùn iná mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ogún ìgò ata náà ni tiyín. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ata nìkan ni yóò máa jóná nílé wa.

Àbúrò yín,
Kalin