Àdúrà Ìdúpẹ́ Lórí Èéfín

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ ti ṣiṣẹ́. Ìjọba ti sún òfin tó ní ká yé lo jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá wa ka lẹ́tà ìjọba náà sétí gbogbo wa nípàdé òṣìṣẹ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì, tó wọkọ̀ ojú omi wá láti apá Òde-Omi, sọ pé ẹ̀yìn fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí òun gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù.

"Ẹ bá mi sọ fáwọn ọmọ tuntun kí wọ́n má mí títí dọdún tó ń bọ̀," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

A rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Wọ́n ní kí èmi tí mò ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì fàdúrà ìdúpẹ́ parí ìpàdé. Àdúrà mi gùn. Gbogbo wọn ṣe àmín. Màmá Nọ́ọ̀sì ń wúkọ́.