Ọkùnrin Alátọ̀gbẹ Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ti ń jẹ́ kí o sinmi? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń rìn geere. Àwa náà wà. Ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ wà, òrùlé ẹ̀yìnkùlé tún ti ń jò, ṣùgbọ́n kì í jò sórí ibi tí mò ń sùn, orí ewúrẹ́ ló ń jò sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípa àtọ̀gbẹ tí o fi sórí fóònù mi nígbà tí o wálé ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ ṣí i. Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun mi ní kò sí ohun ọ̀fẹ́ láyé yìí, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́rẹ́, wọ́n á gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bá kó ìwé ilé sínú àpótí irinṣẹ́, mo jókòó lé àpótí náà, mo tó wá tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní kí n kọ páásìwọ́ọ̀dù, ìyẹn àṣírí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo fọ́ dígí tí ìyá rẹ fi ń bínú sí ológbò láti ọdún mẹ́ta. Fóònù ní àṣírí yẹn ò lágbára tó. Mo ronú títí, mo fi ọ̀kan tó lágbára kún un, ó sì gbà á. Má bi mí ní èyí tó jẹ́. Bí o bá ń ka lẹ́tà yìí sí ìyá rẹ létí, fo ibí yìí.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà, ó sanra díẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, àtọ̀gbẹ ń ṣe é bíi tèmi. Wọ́n ní kí n yan ohun tí yóò jẹ. Èmi tí kì í ṣahun sí àlejò, mo fún un ní tíì oníṣúgà mẹ́fà àti búrẹ́dì tó nípọn. Ọmọ mi, ojú ọkùnrin náà pọ́n, ó dorí mú, nọ́ńbà ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè bí iná tó rí pákó gbígbẹ. Mo pe ìyá rẹ, a jọ bẹ̀ ẹ́ títí. Fóònù wá ní kí n tún un ṣe. Mo fún un ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, mo gbé e lọ́wọ́, mo mú un rìn yí ilé po, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Látọjọ́ náà, ojú ń tì mí láti mu tíì oníṣúgà níwájú rẹ̀. Kò bójú mu kí n máa fi ṣúgà du aláìsàn, kí èmi máa lá a. Ìyá rẹ ní ọdún kejì rèé tí òun ti ń bẹ̀ mí kí n jáwọ́ nínú ṣúgà, mi ò gbọ́, àjèjì oníṣẹ́ẹ̀tì búlúù ni mo wá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ti ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà ọkùnrin náà, kí n yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní kí n bọ́ tèmi náà, kó má baà rò pé òun nìkan là ń tú wò. Àṣé ìṣó kékeré kan ti gún bàtà mi já láti ọjọ́ tí mo tún ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣe, ó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ ti dúdú, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀, kò bú mi. Àìbú yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ yọ ìṣó náà, ó fọ egbò náà, ó ní ká ní ó tún pẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Ó bi mí ta ló ní kí n wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan tí àtọ̀gbẹ ń ṣe ni. Ó ní kí n mú ọ̀rẹ́ náà wá fún àyẹ̀wò. Mo gbé fóònù lé e lórí tábìlì. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ṣúgà ti wálẹ̀. Ó wá ń fẹ́ mọ ohun táwọn èèyàn ń rí nínú ẹ̀kọ́ orí fóònù tí wọn ò rí lọ́dọ̀ òun. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ò lẹ́gàn, ṣùgbọ́n ogójì èèyàn ló ń tò sẹ́yìn mi, mi ò lè bi í ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti wádìí ohun tó ń jẹ́ ínsúlínì lọ́wọ́ fóònù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò pòṣé. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi han àwọn tó wà lórí ìlà. Onígbàjámọ̀ pàápàá ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ọkùnrin tòun kì í gbọ́ràn.

Ṣùgbọ́n dátà ti tán láti ìjẹta. Ọkùnrin náà dúró sójú kan, ó nawọ́ síta, kò tíì jẹun. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà tuntun kún un.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ayé rẹ dùn, ilé rẹ yóò dùn, ọ̀nà rẹ yóò dùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ nìkan ni kò ní dùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.