Màmá Olaug Sandøy, Olùkọ́ Tó Fi Àjẹ̀ Kọ́ni Lọ́rọ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1941 ni Olúwa fi Màmá Olaug ta ìdílé Anders àti Ingebjørg Hamnøy lọ́rẹ ní erékùṣù Bulandet, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè. Apẹja ni bàbá wọn. Àgùntàn ni ìyá wọn ń sìn.

Màmá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Volda, wọ́n sì padà sílé ní 1963. Ọdún yẹn náà ni wọ́n di aya Sjur Sandøy, apẹja tó máa ń ka Ìhìnrere fún ìjọ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì.

Ní kíláàsì Màmá, orí bẹ́ǹṣì làwọn ọmọ ti ń kàwé bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nínú èdè Nọ́wè wa, ọ̀rọ̀ méjì a máa so pọ̀ di ẹyọ kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ la máa ń tẹ̀ gidi, a ó sì rọra tẹ èkejì. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, Màmá á ní kí wọ́n gé e níbi oríkèé rẹ̀, kí wọ́n fa àjẹ̀ tagbáratagbára lórí apá kìíní, kí wọ́n rọra dá a padà lórí èkejì.

Ní 1998, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Sjur. Ọ̀rọ̀ gígùn kò ṣeé pè fún wọn mọ́. Wọ́n gbé Bíbélì wọn sínú àpótí, wọn kò sì fẹ́ kí ìjọ rí wọn. Màmá bá mú wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú di àjẹ̀ kan mú. Magnhild, aládùúgbò wa, ké láti èbúté pé, "Olaug, jẹ́ kí ọkùnrin yìí sinmi jàre. Ṣé òtútù lo fẹ́ fi pa á ni?"

Màmá fèsì pé, "Kò tíì ráyè kú. Ó ń wakọ̀ lọ́wọ́."

"Fiske-suppe" ni wọ́n ń tún pè, ìyẹn ọbẹ̀ ẹja: "fiske" nígbà tí wọ́n bá fa àjẹ̀, "suppe" nígbà tí wọ́n bá dá a padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá dá a pè já geere, wọ́n wá fi kún un pé, "Iyọ̀ tìrẹ kì í tó." Màmá rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kérésìmesì ọdún náà, Bàbá dìde níwájú ìjọ. Bí wọ́n bá ti dé ọ̀rọ̀ gígùn, ọwọ́ òsì wọn á fa àjẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ìjọ dúró dè wọ́n. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n kà á parí, a sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2024. Wọ́n fi Bàbá Sjur sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Reidun àti Arnfinn, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Àlùfáà ní òun yóò bá Bàbá ka Ìwé Mímọ́ níbi ìsìnkú Màmá lónìí. Bàbá kọ̀. "Ìyàwó mi ni. Èmi ni n ó kà á fún un." Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Màmá wa, ẹ gúnlẹ̀ láyọ̀ sí èbúté tí ìjì kì í dé. Ìyìn ni fún Olúwa tó yá wa ní irú yín.