Wọn Ò Tíì Kí Mi Káàbọ̀

Bàbá mi àtàtà, ẹni tí kì í wọlé láìbọ́ bàtà,

Mo kí yín o. Mi ò ní béèrè bí ara ṣe rí, nítorí ẹ̀yin ti bọ́ lọ́wọ́ ara, èmi ni tèmi ń dà láàmú. Ilẹ̀ ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò fi ṣàwàdà. Bí mo ṣe jókòó sórí àga yín lẹ́bàá fèrèsé ní Dogarawa níbí, tí mò ń kọ̀wé yìí, àga náà ń gbé mi lọ síwájú, ó ń gbé mi padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò kúrò lójú kan. Omi tó wà nínú ife níwájú mi ò tilẹ̀ rú. Mo máa ń wo omi náà dáadáa kí n lè gbà pé èmi nìkan ló ń mì. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Tèmi ti kọjá orí, Bàbá, odindi ara ló ń mì, ó sì ti sú mi débi pé inú ń bí mi sí ife omi.

Ọjọ́ tí a ti ibi ìsìnkú yín dé ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí à ń gbé òkú yín lọ, Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, èmi jókòó ti pósí yín lẹ́yìn. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, pósí náà sì ń yọ̀ kiri, ni mo bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tì í láti Zaria títí a fi gbé yín dé ilé ní Ìyàgbà. Nígbà tí à ń padà bọ̀, àyè yín ti ṣófo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbi tó wà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì wa, ó ń ṣe mí bíi pé ọkọ̀ ò tíì dúró. Mo ní àárẹ̀ ni, pé bí mo bá sùn á lọ. Mo sùn, mo jí, òjò rọ̀ tán, ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo àga wa, kò lọ.

Ẹ ti sọ ọ́ fún wa rí nígbà tí a wà ní kékeré, àwa rò pé ẹ kàn ń pa wá lẹ́rìn-ín ni. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ gáàdì rélùwéè dé, láti Jọ́ọ̀sì tàbí láti Èkó, ẹ kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ máa bọ́ bàtà dúdú ńlá yẹn, ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé sìmẹ́ǹtì, ẹ máa dijú. Màmá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á gbé omi wá nínú kọ́ọ̀pù páànù. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí yín káàbọ̀ títí ẹ ó fi mu omi náà tán. Ẹ ní ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè kí rélùwéè má tíì sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, pé ẹni tí kò tíì dé, a kì í kí i káàbọ̀. A máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, à ń wo gògóńgò yín bó ṣe ń lọ sókè sódò. Bí ẹ bá ti dá kọ́ọ̀pù padà, gbogbo wa á ké káàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa.

Ohun tó ń kó mi nírìíra jù báyìí ni ara mi gan-an. Mo ń fọwọ́ tọ́ ògiri rìn bí ọ̀mùtí. Itọ́ máa ń ṣàdédé kún ẹnu mi, itọ́ tínrín tó níyọ̀, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ọbẹ̀ ilá tí mo fẹ́ràn, mo wò ó bó ṣe ń fà lórí ṣíbí, mo dà á sẹ́yìn ilé fún ewúrẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ti ń sín ìrìn mi jẹ nígbà ìsinmi. Ìyẹn ò dùn mí, ọmọdé ni wọ́n. Àmọ́ ọ̀gá wa obìnrin pè mí sí ọ́fíìsì, ó sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, ó sì ki imú bọ ẹnu mi láti gbọ́ bóyá ògógóró ń rùn níbẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ ń rùn àlùbọ́sà tútù àti ẹja àná. Mo dúró, ó ń gbóòórùn mi, mo ń gbóòórùn rẹ̀. Ṣé irú ìyà tí ẹ rán mi nílé ẹ̀kọ́ kí n wá jẹ nìyí?

Mo ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n tan iná sí etí mi, wọn ò rí nǹkan kan. Èyí tó kọ́kọ́ wò mí ní ibà ni, ìkejì ní ọgbẹ́ inú ni, ó fún mi ní oògùn olómi funfun kan tó dà bí ẹfun tí wọ́n pò pẹ̀lú ṣúgà. Àwọn ìyá ìjọ ò tilẹ̀ béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ tẹ ikùn mi lẹ́yìn ìsìn, bóyá oyún ni. Ọwọ́ wọn ṣì ń yọ̀ fún òróró àkàrà. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ ní tiwọn gbé òróòro ewúrẹ́ wá, wọ́n ti pò ó mọ́ ewé tí mi ò mọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí omi gọ́tà. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mi ò jẹ ìfun ẹran rí. Mo dimú, mo mu ún. Imú ló gbà jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń tú mi sílẹ̀, òun náà ló sì tún ń rí mi lára jù. Bí mo bá wọ ọkọ̀, tí ọkọ̀ náà sì ń lọ, ara mi máa ń dúró. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, dókítà náà ò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀sì tó ń ná Sámárù ni mo máa ń wọ̀, èyí tí fóòmù àga rẹ̀ ti ya, tí ó máa ń tutù lábẹ́ ìdí láìsí ẹni tó mọ ohun tó tutù níbẹ̀. Ewúrẹ́ ti tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Abíyá ọkùnrin kan tó di irin òkè mú wà níwájú imú mi láti Kwángílà títí a fi dé òpin ọ̀nà. Síbẹ̀, bí awakọ̀ bá ti gbéra báyìí, òyì náà á fi mí sílẹ̀, màá gbé orí ti gíláàsì tí ìpara orí àwọn ẹlòmíràn ti bò, màá mí kanlẹ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ó tún dé. Àwọn ará àdúgbò ti rí i pé mò ń lọ Sámárù láìní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, wọ́n ní mo ti ní ọkùnrin. Ẹnu ayé lẹbọ. Ọkùnrin wo ni ènìyàn ń wá lọ nínú irú òórùn yẹn?

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyí, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin ni. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tuntun tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Sábọ̀n Gàrí. Ọkùnrin náà da òróró sí mi lórí, ó ṣàn wọ etí mi, itọ́ rẹ̀ ń ta sí mi lójú bó ti ń pariwo, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì mí níwájú orí. Mo ṣubú. Ta ni kò ní ṣubú, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó tì mí ni mo ti ń lọ? Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé mi. Ó ní ẹsẹ̀ tí mo fi ti pósí, mo ti fi bá òkú dá májẹ̀mú ìrìn, pé ẹ̀yin lẹ dì mí mú tí ẹ ń mì mí. Ó ní kí a kó ẹrù yín wá lọ́jọ́ Sátidé kí a sun ún.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rìn láti ìparí rélùwéè dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti gbé ọmọ ọlọ́mọ tó ń sùn kúrò létí àga kó má baà já bọ́, ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ń mì mí.

Bọ̀ọ̀dá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì: bàtà yín, fìtílà gáàdì, fèrè, àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé. Wọ́n ní bí mi ò bá gbé e wá, àwọn á ti ilé yìí pa, àwọn á sì kó mi lọ bá àwọn àbúrò yín ní Ìyàgbà, kí n máa gbé lábẹ́ ojú wọn. Wọ́n ní ìfẹ́ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfẹ́ lóòótọ́. Ìfẹ́ náà ń rùn sí mi. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Bàbá, mo sì gbà.

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbé àpò náà wọ bọ́ọ̀sì. Mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ya kòtò àkọ́kọ́, àpò fẹ́ yọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì ti lọ tì í kí n tó mọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó rán an. Ara mi dákẹ́ jẹ́ẹ́. A dé ẹnu ṣọ́ọ̀ṣì, kọ̀ńdọ́ ń pè kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ máa sọ̀. Láti ojú fèrèsé mo rí Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá irin kan tí iná ti ń jó nínú rẹ̀. Súyà ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n lá ìka, wọ́n fi ìka náà tún iná ṣe, wọ́n tún lá a. Ìríra mú mi débi pé mi ò lè dìde. Mo san owó ọkọ̀ mìíràn. A dé Sámárù, gbogbo èrò sọ̀, mo jókòó, àwọn mìíràn wọlé, a sì padà sílé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Dogarawa, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Gógó Lami, ìyá Haúsá tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ti dé láti Kánò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ rántí pé kí ẹ tó kú ni wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn tó bímọ níbẹ̀. Wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n rí èmi àti àpò, wọ́n rò pé ìrìn-àjò ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n kí mi káàbọ̀ lédè wọn, “Sannu da zuwa.” Wọ́n ti dìde lọ bu omi kí n tó lè dáhùn.

Mo dúró lójú kan pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ibi òkú yín dé, kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ìrọ́jú, ìyẹn ni gbogbo ẹnu ń kí mi, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹnìkan ò gbé omi wá. Gógó Lami wo ojú ilé wa, wọ́n béèrè ibi tí ẹ wà, “Ina Baba?”

Bàbá, mi ò tíì sọ ọ́ rí. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ kí n tó yanu, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Mo ní, “Ya rasu.” Mo sọ ọ́ lédè Haúsá, ó sì jáde lẹ́nu mi bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ ti kú. Gógó Lami fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú yín, wọ́n sì jókòó tì mí.

Àpò yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n bínú, wọ́n ní àwọn á mú àwọn àbúrò yín wá kó mi. Mo ní kí wọ́n mú wọn wá, pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa bá mi. Mo ti fi àsíá méjèèjì kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bọ́ bàtà mi, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì, mo dijú. Ó ṣì ń mì. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti dúró. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá dúró, á jẹ́ pé mo ti dé nìyẹn, ilé tí ẹ ò sí ni mo sì dé.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu omi tán, tí a ti kí yín, tí ẹ ti rẹ́rìn-ín, ṣé rélùwéè náà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lára yín lóòótọ́, tàbí nítorí pé a ti dúró pẹ́ ni ẹ ṣe ń dá kọ́ọ̀pù padà?

Èmi ọmọ yín, tí kò tíì mu omi rẹ̀ tán.