Obìnrin Tó Lọ sí Ayé Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò wa. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́, a sì ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n parí ìwé ìtàn tí wọ́n ń túmọ̀ láti èdè Hébérù sí Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ olóòtú dá a padà. Nínú ìtàn náà, Hébérù ní ìyàwó ọkùnrin kan “lọ sí ayé rẹ̀.” Ó kú ni wọ́n ń sọ. Bàbá wá kọ ọ́ pé ó rìnrìn àjò, gbogbo ẹni tó kà á sì ń retí ìgbà tó máa dé.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni?”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Látìgbà tí ìyá yín ti lọ, ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́ pé ìyàwó ẹnikẹ́ni kú.”

Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ó kú. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n ń sunkún títí mo fi ṣe tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má bi wọ́n nípa iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Màmá ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ, torí kò sẹ́ni tó ń dá a sílẹ̀ nínú ilé yìí mọ́.

Kí Olúwa tu gbogbo wa nínú, kó sì mú yín wálé bá Bàbá láàyè.

Àbúrò yín obìnrin