Ohùn Mùsúdù ní Aláúsá

Apple Junction, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin
Oṣù Kẹta, 2006

Àǹtí mi Sẹ̀gilọlá,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ, ẹ kú òtútù Dublin. Ara Ìyá ti yá. Ìpara ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti fẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ Basheerah tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo Alámísì ló ń lọ sílé ìgbìmọ̀ ní Aláúsá, tó ń kọ ohun tí àwọn aṣòfin dìbò fún sínú ìwé. Tẹ́lẹ̀, èmi ni àwọn tá a jọ ní ṣọ́ọ̀bù níbí ń bi léèrè ọ̀rọ̀ ìjọba, torí Mùsúdù ọmọ bàbá wa jẹ́ aṣòfin níbẹ̀. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ Basheerah ni gbogbo wọn ń wọ́ lọ. Àǹtí, mo jowú. Nígbà tó ní Mùsúdù ń ti òfin tí wọ́n máa fi wó ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn, mo pè é ní òpùrọ́ nínú ìpàdé àwa tá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ ìbò ìkẹyìn, mo tẹ̀ lé e lọ, kí n lè dójú tì í. Ariwo ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò, wọn kì í pe orúkọ. Síbẹ̀, ohùn Mùsúdù ló ròkè jù: “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Nígbà tá a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Basheerah ní kí àwọn yòókù bi mí bóyá Mùsúdù fọwọ́ sí i, torí èmi ni mo mọ ohùn ọmọ bàbá mi. Mo ní n ò gbọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ pé mo gbọ́ ohùn Mùsúdù ketekete. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín fún wa. Ẹ fi ìpara Ìyá ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bá mi gbàdúrà kí Basheerah má sọ ọ́ ṣáájú mi.

Àbúrò yín,
Nùsírátù