Àgbàdo Mi Tó Hù Lórí Pápá Gọ́ọ̀fù

Ikpoba Hill, Benin,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹrin.

Akíntúndé ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ìyàwó mi, mo kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ṣé òjò ti dé Èkó? Tiwa ti dé, ó sì bá mi nínú ayọ̀. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí láìbẹ ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dojú rú. Tíṣà wa ní kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Èyímofẹ́, ló bá mi fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tèmi ni, má fún un ní ìyìn tí kò ṣe tirẹ̀. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń ráhùn, ti òsì sì ń gbè é. Bí lẹ́tà kan bá wọ́ nínú ìwé yìí, ẹ̀rín ló fà á, nítorí mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ obìnrin, Ìyìnolúwa, ni. O mọ̀ pé wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú koríko ní pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n sì ní àwọn yóò fi oṣù mẹ́fà wò ó kí wọ́n tó fún un níwèé pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Oṣù yìí gan-an ló pé. Bí o kò bá tíì rí pápá gọ́ọ̀fù rí, oko ńlá ni, ó tó ti bàbá rẹ lọ́nà mẹ́wàá, wọn kò sì gbin nǹkan kan sí i àfi koríko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwa ń to garawa nídìí omi, omi ń ti inú ilẹ̀ ibẹ̀ ta sókè fúnra rẹ̀ kí koríko lè mu. Àwọn bàbá olówó á wá, wọ́n á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan dànù, wọ́n á sì tún máa wá a kiri. Àánú wọn máa ń ṣe mí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Ìyìn. Mo bá a níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń dá ihò sí ibi tí koríko ti jọ̀lọ̀ jù lọ, ihò wẹ́wẹ́, lórí ìlà, ó gún régé. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi, mo ní ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ kò parẹ́ lára ọmọ yìí. Ó ní ilẹ̀ ti le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé kí koríko lè mí ni. Ìgbà tí wọ́n lọ jẹun, wọ́n fi gbogbo ihò sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan! Akíntúndé, òjò ti rọ̀, ihò ti wà, kò sí irúgbìn. Ṣé kí n máa wòran ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn ọmọ, ó ti gbàgbé irúgbìn sílé. Kóńgò àgbàdo kan tí mo rà láàárọ̀ fún ẹ̀yìnkùlé wà nínú àpò mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gbìn ín ní méjì méjì títí ó fi tán. Ihò ńlá kan wà láàárín tí wọ́n ki igi àsíá bọ̀, mo rí i pé ti iṣu nìyẹn, àmọ́ n kò ní ebù lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n da iyanrìn sórí gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a wọnú ihò, wọ́n sì bomi rin ín. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní wọ́n ti ń bo irúgbìn mi.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ìyìn wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Ó ní àgbàdo ti hù lórí pápá, ó tò bí ọmọ sójà, ìdíje ńlá sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyì, ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún òun pé bí òun kò bá rí ọ̀tá tó ṣe é, kí òun má retí ìwé iṣẹ́ kankan. Ó ní bí wọ́n bá fi oògùn pa á, koríko á kú. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gé e, á tún rú. Mo bi í pé ṣé ó hù dáadáa. Ó wò mí. Mo bi í pé ṣé méjì méjì ló hù. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà yẹn ni ẹ̀rín mi gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá alága, mo kúnlẹ̀, ó sáré gbé mi dìde. Mo ní èmi ni ọ̀tá náà, kó má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ọmọ ọmọ mi níyà. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbin àgbàdo síbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn kò gbin nǹkan kan. Ó ní kí n lọ hú u kó tó di Sátidé, pé bí bọ́ọ̀lù kan bá fi lè kọsẹ̀ lára àgbàdo, èmi àti Ìyìn la ó jọ máa lọ sílé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi jọ, àwa mẹ́fà, ẹni tó kéré jù ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyá Èyítáyọ̀ tó ń ta òkìrìkà ní Upper Sakponba ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. A bọ́ bàtà, a jókòó sórí koríko, a ń fi ìka méjì fà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Èyítáyọ̀ ní irú mi ló ń gbin ẹ̀pà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó máa fà, kó yéé sọ̀rọ̀. Bí a ti ń fa àgbàdo la ń fa èpò mọ́ ọn, nítorí ojú àgbẹ̀ kì í rí èpò kó mójú kúrò. Nígbà tí a fi máa ṣe tán lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ojú àwọn kò rí i kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Sátidé, alága fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ wọ ihò iṣu yẹn, ó jó yí àsíá ká.

Ní Mọ́ńdè wọ́n fún Ìyìn ní ìwé iṣẹ́ rẹ̀! Wọ́n tún fún àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní fọ́ọ̀mù, pé kí a máa wá fa èpò bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti bí ó bá fẹ́ parí. Fọ́ọ̀mù bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo kọ ọgọ́ta. Ó bi mí pé ta ni ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀, mo kọ orúkọ bàbá rẹ, mo sì fi kún un pé ó ti kú, kí wọ́n má baà dààmú láti pè é.

Báyìí, ọmọ rẹ ti di ọ̀gá mi. Bí a bá wà ní pápá, mo ń pè é ní Mà. Bí a bá délé, á kúnlẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, lọ́jọ́rú ó fún mi ní kúẹ́rì! Ó fi Yorùbá kọ ọ́ kí n lè kà á. Ó ní bí àwọn bàbá bá na ọ̀pá sókè láti gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n á sì ṣì í gbá. Mo fèsì pé ta ló ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í kí i. Àmọ́ mo ka kúẹ́rì náà tán lẹ́ẹ̀mẹrin: orúkọ mi lókè, orúkọ ọmọ ọmọ mi nísàlẹ̀, òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Nínú gbogbo ìdílé wa, ta ni wọ́n kọ irú rẹ̀ sí rí?

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ. Mo fẹ́ bàtà òjò tó ní eyín nísàlẹ̀, kí n má baà yọ̀ ṣubú, mo sì fẹ́ férémù onígíláàsì tó tóbi, kí n gbé kúẹ́rì mi kọ́ sí pálọ̀. Báńkì Ìyìn ni kí o fi í sí. Fóònù tèmi kéré, n kò rò pé owó náà á gbà nínú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kí ọmọ ọmọ tìrẹ náà dàgbà dé ibi tí yóò ti lè kọ kúẹ́rì sí ọ, kí ojú rẹ sì mọ́lẹ̀ láti kà á. Àmín.

Ìyá rẹ,
Ọláfúnkẹ́ Akíntáyọ̀